Kúkúrú Tó Ń Wa Bàálù

Kúkúrú ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin kan. Kò sì bínú, torí pé kúkúrú ni lóòótọ́.

Bàbá rẹ̀ kúrú. Ìyá rẹ̀ kúrú. Ológbò ilé wọn pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gùn ju àtàǹpàkò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kúkúrú jókòó sídìí tábìlì, ó ń mu tíì. Ló bá gbọ́ ariwo kan lókè.

Hùùùnnn!

"Màámi, kí nìyẹn?"

"Bàálù ni." Ìyá rẹ̀ ò gbójú sókè. Aránṣọ ni, iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké: tà-tà-tà-tà.

Kúkúrú sáré lọ sídìí fèrèsé. Fèrèsé ga.

Ó fò. Kò rí bàálù.

Ó tún fò. Kò rí bàálù.

Ó fò lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi àgbọ̀n gbá ògiri. "Yéè!" Síbẹ̀, kò rí bàálù.

"Màámi, ó ń lọ o! Ó ń lọ o!"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá rẹ̀ kó gbogbo àgékù aṣọ tó wà nílẹ̀, ó kó wọn jọ pelemọ sábẹ́ fèrèsé. "Gùn ún," ló wí.

Kúkúrú gùn ún. Ó wá rí i.

Bàálù kékeré kan ń lọ lójú ọ̀run. Ó ń dán. Kò sí ògiri kankan níwájú rẹ̀.

Inú Kúkúrú dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Màámi, èmi náà máa wa bàálù."

Ó sọ fún ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó jẹ́ pé irun orí ẹ nìkan ni mò ń rí lẹ́yìn tábìlì mi?"

Ó sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú.

Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wúkọ́ díẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ."

Ìyá rẹ̀ ló sì yẹ kó sọ ọ́. Ta ló mọ abẹ́rẹ́ tó aránṣọ?

Ọdún ń gorí ọdún. Kúkúrú dàgbà. Ó gbọ́n sí i. Ó lágbára sí i.

Ṣé ó ga sí i? Ó ga sí i. Díẹ̀ báyìí. Díẹ̀ báyìí náà ni.

Ọjọ́ pé, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù ológun. Ọ̀gá Àgbà jókòó sẹ́yìn tábìlì ńlá. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀ débi pé èèyàn ò lè rí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

Ọ̀gá Àgbà wo ọ̀tún. Ó wo òsì. "Ta ló ń kí mi?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ wo ìsàlẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà nàró, ó wo ìsàlẹ̀. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o mọ ìṣirò?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá."

"Ṣé o lè ka máàpù?"

"Mo lè kà á, ọ̀gá."

"Kí ló dé tí o fi fẹ́ wa bàálù?"

"Mo fẹ́ máa ríran jìnnà, ọ̀gá."

Irùngbọ̀n Ọ̀gá Àgbà mì díẹ̀. "Ó dáa. Lọ jókòó sínú bàálù, ká wò ó."

Kúkúrú jókòó sínú bàálù. Ó na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tó.

Ó gbójú sókè láti wo iwájú. Yé! Ojú rẹ̀ ò tó. Bọ́tìnnì nìkan ló ń rí, àti àwọn aago róbótó-róbótó.

"Kí lo rí níwájú?" ni Ọ̀gá Àgbà bi í láti ìta.

Kúkúrú ò mọ irọ́ pa. "Bọ́tìnnì, ọ̀gá."

"Awakọ̀ tí ò rí ìta! Rárá o. Máa lọ sílé."

Kúkúrú lọ sílé. Ó sunkún láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga. Ológbò wá jókòó tì í.

Ìyá rẹ̀ ò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó fa tépù tó fi ń wọn aṣọ yọ lọ́rùn. "Dìde."

Kúkúrú dìde.

"Jókòó."

Kúkúrú jókòó.

"Fẹ̀yìn ti ògiri. Wojú mi. Báwo ni ohun tó bò ẹ́ lójú ṣe ga tó?"

Kúkúrú fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Tó báyìí, Màámi."

Ìyá rẹ̀ gé aṣọ. Ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́! Ó gé lára aṣọ fèrèsé tó ti gbó. Ó gé lára ṣòkòtò bàbá, bàbá ò sì tíì mọ̀ dòní. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Tà-tà-tà-tà!

Ó ki òwú bọ̀ ọ́. Ó kì í, ó tún kì í, ó fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́. Púù! Púù!

Ó di tìmùtìmù. Kò rọ̀ jù. Kò le jù. Ó ga tó báyìí gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Kúkúrú gbé tìmùtìmù sábẹ́ apá, ó padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà.

"Ìwọ náà tún ni?"

"Èmi náà tún ni, ọ̀gá. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kúkúrú jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà dúró níta. "Kí lo rí níwájú?"

"Mo rí ojú ọ̀nà, ọ̀gá! Mo rí igi mẹ́ta! Mo rí irùngbọ̀n yín!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n bò ó. Ó gbà á sílé ẹ̀kọ́.

Ó kọ́ ọ fún oṣù mẹ́wàá. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ tí Kúkúrú máa dá wa bàálù.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí bàálù tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Kò rí orí. Kò rí ojú. Fìlà lásán ló rí.

"Ẹ gbà mí o!" ló pariwo. "Fìlà ló ń wa bàálù!"

Fìlà wa bàálù lọ sókè. Fìlà yí po lẹ́ẹ̀mejì. Fìlà balẹ̀ jẹ́ẹ́. Fììì!

Bí Kúkúrú ṣe di awakọ̀ bàálù nìyẹn. Wọ́n fún un ní aṣọ ológun. Ìyá rẹ̀ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà kúrú, èyí tó gé kúrò sì tó rán ṣòkòtò míì.

Níbi iṣẹ́, awakọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Òpó. Ẹ̀yin náà ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gùn!

Bí Òpó bá fẹ́ wọlé, orí rẹ̀ á gbá òkè ilẹ̀kùn. Gbàà! Bó bá fẹ́ jáde, gbàà! Iwájú orí rẹ̀ kì í sinmi.

"Kúkúrú, rọra o," ni Òpó máa ń wí, "kí èèrà má lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Òpó, ìwọ náà rọra," ni Kúkúrú máa ń dá a lóhùn, "kí ẹyẹ má lọ yé ẹyin sí ẹ lórí."

Wọn a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Bàbá Sípánà ló ń tún bàálù ṣe. Sípánà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, sípánà wà lápò rẹ̀, wọ́n ní ó máa ń fi sípánà ro tíì.

Bàbá Sípánà ní òfin kan. Bàálù kankan ò gbọdọ̀ gbéra àfi tí òun bá ti bi awakọ̀ léèrè tán. Ì báà jẹ́ òjò ló ń bọ̀. Ì báà jẹ́ Ọ̀gá Àgbà ló ń pariwo.

"Abẹ̀bẹ̀ iwájú?" ni Bàbá Sípánà á bèèrè.

"Ó ń yí!" ni Kúkúrú á dáhùn.

"Apá méjèèjì?"

"Wọ́n pé!"

"Epo?"

"Ó kún!"

"Tìmùtìmù?"

"Mo jókòó lé e!"

Bàbá Sípánà á wá gbá ara bàálù lẹ́ẹ̀mejì. Kó! Kó! "Ó yá, wàá lọ, wàá bọ̀."

"Bàbá, ojoojúmọ́ lẹ ń bèèrè," ni Òpó wí lọ́jọ́ kan. "Ṣé apá bàálù lè ṣèèṣì gbàgbé ara ẹ̀ sílé ni?"

"Ìfura loògùn àgbà," ni Bàbá Sípánà dá a lóhùn. "Epo ńkọ́?"

Òpó wò ó. Epo ò kún. Ojú tì í.

Nígbà tó yá, ogun dé.

Ogun ò dára o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ogun dùn, kò tíì rí i. Ilé ń wó. Àwọn èèyàn ń fara pa. Àwọn ìyá ń wo ojú ọ̀nà, wọ́n ń retí ọmọ wọn.

Àwọn tó fara pa wà lọ́nà jíjìn, níbi tí mọ́tò ò lè dé. Kúkúrú ló ń gbé oògùn lọ fún wọn. Kúkúrú ló ń gbé wọn bọ̀ wálé.

"Abẹ̀bẹ̀ iwájú?" "Ó ń yí!" "Tìmùtìmù?" "Mo jókòó lé e!" Kó! Kó! Ó lọ, ó bọ̀. Ó gbé káfíńtà kan bọ̀.

Kó! Kó! Ó lọ, ó bọ̀. Ó gbé tíṣà kan bọ̀ tó ń kọrin lójú ọ̀nà, kò sì mọ orin kọ rárá.

Kó! Kó! Ó lọ, ó bọ̀. Ó gbé ọmọ ogun kékeré kan bọ̀ tó ń pe ìyá rẹ̀. "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé," ni Kúkúrú ń sọ fún un. "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé."

Ṣé ẹ̀rù ò bà á ni? Ẹ̀rù bà á. Ojoojúmọ́ lẹ̀rù ń bà á. Ó ń gbé ẹ̀rù lọ, ó ń gbé ẹ̀rù bọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ̀rù wa bàálù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà kan dé fún Òpó. Ó kà á. Ó fò sókè. Orí rẹ̀ gbá àjà. Gbàà! Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

"Ìyàwó mi ti bímọ! Obìnrin ni! Kúkúrú, mo ti di bàbá ọmọ!"

Kúkúrú fò mọ́ ọn. Orúnkún Òpó nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó dáadáa. "O kú oríire! Ṣé ọmọ náà gùn?"

"Mi ò tíì rí i," ni Òpó wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọ̀gá ní tí n bá ti ti iṣẹ́ òní dé, kí n lọ sílé lọ rí i."

Òpó dáhùn gbogbo ìbéèrè Bàbá Sípánà. Kó! Kó! Bàálù rẹ̀ gbéra. Hùùùnnn!

Ọ̀sán pọ́n. Gbogbo bàálù padà dé. Ti Òpó ò dé.

Bàbá Sípánà dúró síta, ó ń wòkè. Kò sí nǹkan kan lójú ọ̀run àfi ìkùukùu tó ń ṣú bọ̀.

Lójijì, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kẹ̀ẹ̀rẹ̀... kẹ̀ẹ̀rẹ̀... "Òpó nìyí... Mo ti já sínú pápá... Lẹ́yìn odò kejì... Ẹsẹ̀ mi ti ṣẹ́..." Kẹ̀ẹ̀rẹ̀. Rédíò dákẹ́.

Ọ̀gá Àgbà ṣí máàpù.  "Pápá yẹn kéré. Bàálù ńlá ò lè balẹ̀ síbẹ̀."

"Tèmi kéré, ọ̀gá," ni Kúkúrú wí.

"Ìkùukùu ń bọ̀. Àwọn ọ̀tá ò sì jìnnà síbẹ̀."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n lọ kí wọ́n tó dé."

Ọ̀gá Àgbà wo Kúkúrú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wá a kiri. Ó rí i dáadáa. "Lọ."

Bàbá Sípánà bèèrè gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Kò fo ẹyọ kan. Kúkúrú dáhùn gbogbo rẹ̀.

Kó! Kó! "Ọmọ mi, wàá lọ, wàá bọ̀." Ojú Bàbá Sípánà ti pọ́n.

Hùùùnnn! Ó kọjá odò àkọ́kọ́. Ó kọjá odò kejì. Ó rí pápá. Ó rí bàálù Òpó tó dojú bolẹ̀. Ó rí ẹnì kan tó gùn gbọọrọ nílẹ̀.

Kúkúrú balẹ̀. Ó sáré. Ìbọn ń dún lókèèrè. Pò! Pò!

"Ìwọ ni wọ́n rán?" ni Òpó wí. Ojú rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ ó ń ṣàwàdà. "Wọn ò rí ẹni tó gùn ni?"

"Dákẹ́, jẹ́ n fà ẹ́."

Kúkúrú tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Ó yí Òpó lé e. Ó fà á. Ó sinmi. Ó fà á. Ó sinmi. "Òpó, o ti ga jù! O ò tilẹ̀ tán!"

Ó fà á dé ẹ̀gbẹ́ bàálù. Ó tì í sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fi bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Òpó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ gbogbo wọn: ẹsẹ̀ tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ dì í, kí ẹ sì gbé e lé nǹkan. Kúkúrú fi aṣọ dì í. Kí ló máa wá gbé e lé?

Ẹ̀yin ọmọ á ní kó wá nǹkan nínú bàálù. Ó wá a. Ó wo iwájú. Ó wo ẹ̀yìn. Búláńkẹ́ẹ̀tì ti tutù rin, ó sì fẹ́lẹ́. Kò sí àpò. Kò sí àpótí.

Ó wo ẹsẹ̀ Òpó. Ó wo tìmùtìmù.

"Má ṣe é," ni Òpó wí. "Báwo lo ṣe máa ríran?"

Kúkúrú fa tìmùtìmù yọ lórí àga tirẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ Òpó lé e, jẹ́ẹ́, jẹ́ẹ́.

Ó jókòó sórí àga lásán. Ó gbójú sókè. Bọ́tìnnì. Aago róbótó-róbótó. Bọ́tìnnì.

Ó di ọwọ́ bàálù mú. 

Òpó fa èémí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, nítorí pé bàálù kì í gbéra láìbèèrè. "Abẹ̀bẹ̀ iwájú?"

"Ó ń yí."

"Apá méjèèjì?"

"Wọ́n pé."

"Epo?"

"Ó tó wa."

"Tìmùtìmù?"

Kúkúrú wo ẹsẹ̀ Òpó lórí rẹ̀. Kò dáhùn ìbéèrè yẹn rí àfi lọ́nà kan ṣoṣo.

"Ìwọ lo gbé ẹsẹ̀ lé e," ló wí. "Torí náà, ìwọ lo máa ríran. Èmi á wa bàálù. Kí lo rí níwájú?"

Òpó na ọrùn rẹ̀ gígùn yẹn. "Pápá ni. Ó tẹ́jú. Máa lọ tààrà... máa lọ... gbé e!"

Kúkúrú fa ọwọ́ bàálù. Hùùùnnn! Wọ́n ti wà lókè.

Ojú ọ̀run ò sòro. Kò sí igi níbẹ̀, kò sí ògiri, aago sì ń sọ ọ̀nà fún Kúkúrú. Ilẹ̀ ló sòro. Bí wọ́n bá máa délé, wọ́n gbọ́dọ̀ balẹ̀, ẹni tó máa rí ilẹ̀ sì ti ń tòògbé.

"Òpó! Má sùn!"

"Mi ò sùn."

"Sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ fún mi."

"Mi ò tíì rí i."

"Wàá rí i. Ṣé irun pọ̀ lórí ẹ̀?"

"Mi ò tíì rí i, Kúkúrú."

"Wàá rí i. Ṣé ó ń sunkún dáadáa?"

"Ìyàwó mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé... gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́..." Òpó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó sì dákẹ́.

Kúkúrú wo aago. Wọ́n ti délé. Pápá wọn wà nísàlẹ̀ gan-an.

"Òpó, kí lo rí níwájú?"

Òpó ò dáhùn.

"Òpó! Kí lo rí?"

Òpó ti sùn lọ fọnfọn.

Kúkúrú na ọrùn. Bọ́tìnnì. Ó na ọrùn sí i. Bọ́tìnnì.  Kò fẹ́ kí ọmọ yẹn má rí bàbá ẹ̀ o. Kò fẹ́ ẹ rárá.

Ló bá pariwo: "ÒPÓ! ORÍ Ẹ! ILẸ̀KÙN!"

Òpó jí gìrì! Ó tẹrí ba wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nídìí gbogbo ilẹ̀kùn. "Níbo? Ilẹ̀kùn wo?"

"Kò sí ilẹ̀kùn! Kí lo rí níwájú?"

Òpó la ojú tóótó. "Mo rí pápá! Mo rí ojú ọ̀nà! Sún sí òsì!"

"Tó báyìí?"

"Díẹ̀ sí i. Ó tó! Rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Igi mẹ́ta yẹn ti kọjá. Rọra..."

"Ilẹ̀ dà?"

"Ilẹ̀ ń bọ̀. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀. Ó DÉ!"

Gbì! Bàálù ta sókè. Gbì! Ó tún ta sókè. Gbì! Fììììì... Ó dúró.

Àwọn èèyàn sáré bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló ṣáájú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò rí fìlà o! Ẹ gbà mí, fìlà ò sí ńbẹ̀! Kúkúrú dà?"

Ilẹ̀kùn bàálù ṣí. Ẹsẹ̀ kékeré méjì bọ́ sílẹ̀.

"Èmi nìyí," ni Kúkúrú wí. "Ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ pe nọ́ọ̀sì wá fún Òpó."

 Bàbá Sípánà gbé Kúkúrú sókè, ó ń yí i po.

Nọ́ọ̀sì gbé Òpó wọlé. Ó ran ojú ọgbẹ́. Ó to eegun. Ó di ẹsẹ̀ náà títí ó fi tóbi bí ìrọ̀rí. "Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ yìí lé nǹkan ṣeun," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ ì bá ti tán lára ẹ̀."

Bàbá Sípánà mi orí. "Àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Òpó wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́ta. Ojú ọ̀nà ò tíì dára, ìyàwó rẹ̀ ò lè wá. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́: "Mi ò tíì rí i." Ojoojúmọ́ ni Kúkúrú ń dá a lóhùn: "Wàá rí i."

Nígbà tó di ọjọ́ kan, ìbọn dákẹ́. Ogun ti parí. Àwọn èèyàn jáde sí títì, wọ́n ń dì mọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀.

Ọ̀gá Àgbà pe gbogbo ọmọ ogun jáde sórí pápá. Wọ́n tò gbọọrọ. Ìyá Kúkúrú wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n gun àga kí wọ́n lè ríran.

Ọ̀gá Àgbà mú àmì ẹ̀yẹ kan jáde. Ó ń dán wìnrìnwìnrìn. "Èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni obìnrin yìí gbé bọ̀ wálé láàyè," ló wí. Ó kúnlẹ̀ kó lè fi kọ́ ọ láyà. Irùngbọ̀n rẹ̀ tutù fún omijé.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ìyá Kúkúrú ké lórí àga: "Èmi ni mo bí i o! Èmi ni mo bí i!"

Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu géètì. Pìì-pìì! Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọmọ kan lọ́wọ́.

Òpó rí i. Ó yà kúrò lórí ìlà. Kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ọ̀pá rìn, kó-kó-kó-kó, ó ń sáré, ó ń tiro.

Ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tẹ ara rẹ̀ gígùn ba, ó tẹ̀ ẹ́ ba títí ojú rẹ̀ fi kan ojú ọmọ. "Èmi nìyí," ló wí. "Ọmọ mi, èmi nìyí."

Ọmọ náà wò ó. Ó wò ó dáadáa. Ó wá di imú rẹ̀ mú.

Kúkúrú ti dé ẹ̀yìn wọn. "Òpó, ṣé ó gùn?"

"Kò gùn!" ni Òpó ké. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Kúkúrú ni! Kúkúrú báyìí ni!"

Ìyàwó Òpó mú ọmọ, ó gbé e fún Kúkúrú.  

Ọmọ náà rí nǹkan tó ń dán láyà Kúkúrú. Ó nawọ́. Ó fà á. Ó fi àmì ẹ̀yẹ sẹ́nu, ó ń lá a. Mọ̀ọ̀, mọ̀ọ̀, mọ̀ọ̀.

"Héè!" ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Àmì ẹ̀yẹ nìyẹn!"

"Ẹ jẹ́ kó máa lá a, ọ̀gá," ni Kúkúrú wí.

Ọmọ náà ò mọ nǹkan kan. Kò mọ ogun. Kò mọ̀ pé bàbá òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé.

Bàbá rẹ̀ mọ̀. Kúkúrú náà mọ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì jẹ́ kó máa lá a lọ.